Ìwé Tó Bá Obì Lọ Sókè Ọya

Lẹ́tà ìfẹ́ kan ṣoṣo ni Ìbíwùnmí kọ sí ọkọ rẹ̀ láyé, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi rín in.

Ṣàràfá ọkọ rẹ̀ jẹ́ gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin. Òun ló máa ń wà nínú wágùnù ìkẹyìn, tó máa ń fọn fèrè, tó sì máa ń ju àsíá kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, àárín Ìdó sí Ìbàdàn ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í pẹ́ kó tó padà sílé wọn ní Ìfọ̀, lẹ́yìn tésàn. Lọ́dún 1953 ni wọ́n gbé e lọ sí Mínà, lókè Ọya. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì ń lò kó tó tún wọkọ̀ padà.

Ìbíwùnmí ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ ojú irin. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Ládi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ìbíwùnmí fúnra rẹ̀ kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé àwọn aládùúgbò a máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn kọ lẹ́tà. Nígbà tí ilé wá tutù jù fún un, ó jókòó, ó kọ tirẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó kọ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe fẹ̀ tó láti ìgbà tó ti lọ. Ó kọ ibi tí ọwọ́ òun máa kọ́kọ́ bà lára rẹ̀ bó bá dé, àti ibi tó máa bà lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì dé. Gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀: "Jọ̀ọ́, má kọ irú ìwé yìí sí mi mọ́. Wọ́n ti kà á tán kí n tó rí i."

Ní Mínà, orí tábìlì kan náà ni gbogbo lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń wà. Ẹnì kan ló ti já a, tó kà á sókè fún gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ojú ti Ìbíwùnmí. Odindi oṣù kan ni kò fi lè wo ojú ẹni tó ń pín lẹ́tà ní Ìfọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin yẹn kò mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì tán. Ó ra ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú tí oníbàárà kì í wá, á gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa kọ. Kò kọ "èmi" àti "ìwọ" mọ́. Ó sọ obìnrin náà ní Wúràọlá, ó sì sọ ọkùnrin náà ní Olófèrè, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òun máa ń pe Ṣàràfá nígbà tó bá ku àwọn méjèèjì nìkan. Kí ààwẹ̀ ọdún 1954 tó wọlé, ìwé méjì ti kún. Lẹ́tà ti kúrò níbẹ̀, ìtàn ló kù.

Nígbà tó lọ ra òwú ní Abẹ́òkúta, ó gbé ìwé méjèèjì dé ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, bàbá àgbàlagbà kan tó ń tẹ ìwé ìpè ìnáwó àti kàlẹ́ńdà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé ìwé náà sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́, sà. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá ẹ lè tẹ̀ ẹ́."

Bàbá ka ojú ewé mẹ́ta. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún ka mẹ́rin sí i.

"Ẹ̀gbọ́n yín mà mọ nǹkan o," ni bàbá wí. "Kí ni orúkọ wọn?"

Ìbíwùnmí kò tíì ronú dé ibẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí orúkọ kan lára páálí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bádéjọ, sà. L. Bádéjọ."

Bàbá wo páálí, ó wo Ìbíwùnmí, ó wo páálí. Páálí oníbàárà kan tó ń ta ṣúgà ni. Ó mú gègé, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Títí tó fi jáde láyé, kò béèrè nípa ẹ̀gbọ́n yìí mọ́, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbíwùnmí máa ń sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ẹnu tó pa dé yẹn wà lára oore tí òun kò lè san tán.

Bàbá ló yan èèpo ìwé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó lòun máa ṣe é: àwòrán obìnrin kan tí ìró ti bọ́ kúrò léjìká rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé pupa, Adùn Òru. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n tẹ̀. Mùíbì, tó ń ta ìwé ìròyìn ní tésàn Ìfọ̀, gbà láti bá a tà á, torí ó gbà gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n Ìbíwùnmí ló kọ ọ́. Oṣù méjì kọjá. Mùíbì kò tíì ta ogún.

"Wọ́n ń wò ó dáadáa, mà," ni Mùíbì sọ, ó ń họ orí. "Rírà ni wọn ò rà á."

Àkókò yẹn ni Kúlúsúmù wá rán búláùsì.

Ìyá Olóbì ni gbogbo ọjà ń pe Kúlúsúmù. Ìbàfò ló ń gbé. Obì gbàǹja ló ń rà láwọn abúlé láti Mowé títí dé Akúté, tó ń kó wá sí Ìfọ̀, tó ń fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sáwọn obìnrin Yorùbá tó ń bá a tà á ní Mínà, ní Sàríà àti ní Kánò. Ó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó sanra, kì í pariwo, ojú rẹ̀ sì mú.

"Ẹ gbọ́wọ́ sókè, mà," ni Ìbíwùnmí wí, ó na tépù sí i láyà.

Kúlúsúmù gbọ́wọ́ sókè. "Ìyá Ládi, mo ka ìwé kan."

"Ìwé wo ni, mà?"

"Adùn Òru."

Tépù bọ́ lọ́wọ́ Ìbíwùnmí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì tètè nàró.

"Ìwọ lo kọ ọ́," ni Kúlúsúmù wí.

"Èmi kẹ̀! Ẹ dákun, mà. Bádéjọ ni orúkọ tó wà lára ẹ̀."

"Bádéjọ kọ́, Bádéjọ ni. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló kọ ọ́, á ní 'ó bọ́ búláùsì rẹ̀,' ó parí. Ìwọ kọ ọ́ pé ìkọ́ kejì láti òkè máa ń há, pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tì í sókè díẹ̀ kó tó tú. Búláùsì ta nìyẹn? Ṣé kì í ṣe èyí tó o rán fún mi nígbà Iléyá?"

Ìbíwùnmí fẹ́ sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbé e. Ẹ̀rín yìí di ẹkún lójijì, torí ó ti ju ọdún kan lọ tí kò ti rí ẹni tó lè bá sọ ọ́. Kúlúsúmù sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì jẹ́ kó sunkún tán.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ta lo rò pé ó ń ka irú ìwé yìí?"

"Àwọn ọ̀dọ́kùnrin, mà."

"Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ọkọ̀ tó ń lọ sókè bá dé, lọ jókòó sí tésàn. Má sọ̀rọ̀. Ṣáà máa wò."

Ìbíwùnmí lọ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń retí àlejò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méje ló gbé ìwé náà kí ọkọ̀ tó dé. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n gbá ara wọn léjìká, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá a padà. Ọ̀kan bi Mùíbì bóyá àwòrán púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Mùíbì ní rárá, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní ọ̀rọ̀ kẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, obìnrin kan tó pọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ láti ra omi. Nígbà tó ń padà, ó dúró níwájú Mùíbì. Ó ṣí ìwé náà láàárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó sì ṣí èkejì. Lẹ́yìn náà ó pa á dé, ó wá rí èèpo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó di ẹyin iná mú. Ó wọkọ̀. Ìbíwùnmí rí i lójú fèrèsé. Títí ọkọ̀ fi gbéra, ìwé yẹn ló ń wò.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kúlúsúmù.

"O ti rí i," ni Kúlúsúmù wí. "Ọkọ ẹ̀ ló ń lọ bá, àbí ọ̀dọ̀ ọkọ ló ti ń bọ̀. Kò lè gbé ìhòòhò ẹlòmíì wọlé ìyá ọkọ ẹ̀. Ìwé rẹ kì í ṣe ti ọmọ tó ń wá ẹni tó máa fẹ́. Ti ẹni tó ti fẹ́ ni, tí ẹni rẹ̀ wá jìnnà. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n kún ọkọ̀ yẹn fọ́fọ́. Yọ àwòrán yẹn, kó o yí orúkọ ìwé náà padà."

"Kí ni kí n pè é, mà?"

"Kí lò ń sọ nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí ọkọ rẹ wà?"

"Mo máa ń ní ẹni mi wà lókè Ọya."

Kúlúsúmù ṣáà ń wò ó títí ó fi yé e.

Bàbá Lásúnkànmí kò fẹ́ gbà. Ó ní ìwé tí kò ní àwòrán, ta ni yóò rà á? Ṣùgbọ́n ó tẹ àkọlé tuntun, Ẹni Mi Wà Lókè Ọya, sórí bébà aláwọ̀ aró kan tó nípọn, láìsí àwòrán, ó sì gé e kéré fún un. Ìbíwùnmí ya èèpo àtijọ́ kúrò lára gbogbo ìwé tó kù, ó gé etí wọn títí wọ́n fi kéré tó ohun tó lè wọ inú ìṣẹ́po ìró, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán èèpo tuntun mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló ṣẹ́. Nígbà tó parí, ìwé náà dà bí ìwé àdúà. Owó sísì kan ni wọ́n dá lé e.

Kúlúsúmù kó ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́. Ó tò wọ́n sórí obì, ó fi ewé bò wọ́n, ó sì di apẹ̀rẹ̀. Ó ní bí àwọn obìnrin òun bá tú obì, wọ́n á tú ìwé. Oṣù kan kò pé tí Mínà fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ogójì sí i. Sàríà béèrè ọgbọ̀n. Ẹni tó lè kà á ń kà á fún ẹni tí kò lè kà á, lẹ́yìnkùlé, nígbà tí wọ́n bá ń dirun. Nígbà tí ọdún fi máa parí, kò sí ẹyọ kan nínú ọ̀ọ́dúnrún yẹn ní Ìfọ̀ mọ́.

Ohun tó wá ya Ìbíwùnmí lẹ́nu ni pé ìwé ń lọ, ọ̀rọ̀ sì ń padà wá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Kúlúsúmù máa ń kó o wá láti ẹnu àwọn tó ń bá a ta obì. Obìnrin kan ní Kánò ní kí Wúràọlá máa sọ̀rọ̀ jù báyìí lọ, ó ní obìnrin kì í dákẹ́ bí igi. Òmíràn ní òun bú sẹ́rìn-ín níbi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti ṣẹ́, kí wọ́n fi irú ẹ̀ sí i. Hàfísátù, tó ń ta obì ní Sàríà, ló bínú.

"Hàfísátù ní kí n bi ọ́ léèrè," ni Kúlúsúmù wí. "Ẹni tó wọkọ̀ ojú irin fún ọjọ́ méjì, tí èéfín ti bò látòkèdélẹ̀, ló dé tó ní kó di orí bẹ́ẹ̀dì? Kò wẹ̀? Kò jẹun? Ó ní bí ọkọ òun bá dán irú ẹ̀ wò, ìta ni yóò sùn."

Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó lọ kọ ọ́ tuntun. Nínú èyí tí bàbá Lásúnkànmí tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Wúràọlá gbé omi gbígbóná fún Olófèrè, ó fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn rẹ̀, èédú sì ń ṣàn dà nù díẹ̀díẹ̀ títí àpá iná kékeré kan fi yọ lábẹ́ èjìká òsì rẹ̀, níbi tí àtùpà gáàdì ti jó o nígbà kan. Wúràọlá fi ètè kàn án. Ojú ewé mẹ́rin gbáko ni wọ́n lò nídìí omi yẹn kí wọ́n tó wọ yàrá. Orí yìí ni àwọn òǹkàwé wá fẹ́ràn jù. Ìbíwùnmí wá mọ̀ pé ìdúró gan-an ló dùn mọ́ wọn, torí pé àwọn fúnra wọn ló mọ ìdúró jù. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó máa ń dárúkọ Hàfísátù tí kò rí rí nínú àdúà rẹ̀, pẹ̀lú Kúlúsúmù àti bàbá Lásúnkànmí.

Òun kò rò ó pé gáàdì kan lè ka ìwé náà ní Mínà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1956, ó ń ran apá aṣọ nígbà tí ẹnì kan dí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó gbójú sókè. Ṣàràfá ni. Ó ku oṣù kan gbáko kó tó yẹ kó wálé. Fìlà gáàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ìwé aláwọ̀ aró wà lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ káàbọ̀! Bàbá Ládi, ṣé kò sí o?"

Kò dáhùn ìkíni. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì gbé ìwé sórí ẹ̀rọ.

"Ta ni Bádéjọ?"

Ẹ̀rù ba Ìbíwùnmí débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ. "Èmi ni."

"Mi ò bá ọ ṣeré. Ìyàwó òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ló ní ìwé yìí. Àwa mẹ́fà la jókòó tí wọ́n ń kà á. Wọ́n kà á dé Olófèrè, mo ní bóyá orúkọ ló bára mu. Wọ́n kà á dé àpá abẹ́ èjìká. Èèyàn méjì ló mọ àpá yẹn láyé yìí, ìyá mi àti ìwọ. Ìyá mi ti kú. Ta lo sọ ọ́ fún? Ta ni ọkùnrin tó wọ yàrá mi, tó tún wá lọ kọ̀wé nípa rẹ̀?"

"Kò sí ọkùnrin kankan. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó ṣí àpótí aṣọ, ó kó ìwé iléèwé jáde, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. Ṣàràfá ṣí wọn. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà.

"Ó lè máa sọ ọ́, kí ìwọ máa kọ ọ́," ni ó wí. "Ṣebí gbogbo àdúgbò ló ń gbé lẹ́tà wá fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìbíwùnmí ju ìbínú lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó mú gègé àti tàdáwà, ó ṣí ojú ewé tó ṣófo, ó sì tọ́ka sí àpótí.

"Ẹ jókòó. Kò sí Bádéjọ kankan níhìn-ín. Ẹ máa wò mí."

Ó kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá lórí irin, ṣọ́ọ̀bù mì, kò dúró. Oníbàárà kan kan ìlẹ̀kùn, kò dáhùn. Nígbà tó kọ ojú ewé kan ó lé díẹ̀, ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: pé Wúràọlá gbójú sókè, ó rí Olófèrè lẹ́nu ọ̀nà; pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, kó tó wo ojú rẹ̀, torí pé ọwọ́ yẹn ló ti ń retí; pé ìbínú wà lójú ọkùnrin náà, ẹ̀rù sì ń ba òun, síbẹ̀ ara òun ti ń dúpẹ́ pé ó dé, ara kò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n ń jà; pé bọ́tìnnì kan ti já lára kóòtù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá a gán an ní Mínà; pé bó bá tilẹ̀ fẹ́ kọ òun lónìí, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí òun gán bọ́tìnnì yẹn, kí òun fi gbóòórùn ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣàràfá kà á. Ó fi ọwọ́ kan àyà kóòtù rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì kò sí. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìwọ ni," ni ó wí nígbà tó yá. "Ìbíwùnmí, dárí jì mí. Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ sí mi?"

"Mo kọ ọ́ sí yín lẹ́ẹ̀kan."

Ṣàràfá rántí tábìlì yẹn, ó rántí ẹ̀rín. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, inú òun dùn sí lẹ́tà náà ju gbogbo ohun tí òun rí gbà láyé lọ, ṣùgbọ́n ojú ẹgbẹ́ ló ti òun, ni òun fi kọ gbólóhùn méjì burúkú yẹn. Ó ní àwọn ọkùnrin kan náà tó fi lẹ́tà yẹn rẹ́rìn-ín ló jókòó ti ìwé aláwọ̀ aró yìí, tí ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn dìde láàárín kíkà, ó lọ bẹ ọ̀gá pé kó fún òun láyè láti lọ mú ìyàwó òun wá láti Ìlaròó.

"Ẹ ṣeun," ni Ìbíwùnmí wí, ó kúnlẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ni òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ọkùnrin Ìlaròó yẹn.

"Àpá mi nìkan," ni Ṣàràfá wí. "Jọ̀ọ́, bá mi yọ ọ́ kúrò. Gbogbo Mínà ló fẹ́ kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ó gbà, nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀, ó gbé àpá náà lọ sí orúnkún. Ọjọ́ márùn-ún ni Ṣàràfá lò, ó sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kó tó padà. Oṣù mọ́kànlá ló gbà kí wọ́n tó dá a lóhùn. Wọ́n gbé e wá sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, níbi tó ti lè máa sùn sílé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó dé yẹn ni Ìbíwùnmí rán ìró àti bùbá kan, èyí tó dára jù nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ rán rí, tó sì gbé e lọ sí Ìbàfò. Kò dé ilé Kúlúsúmù rí. Yàrá méjì ni, iwájú rẹ̀ mọ́, obì tí wọ́n ń ṣà kún ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ewé obì, ó gbé aṣọ náà lé Kúlúsúmù lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mú ọkọ mi wálé, mà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

"Dìde, ilẹ̀ tutù." Kúlúsúmù fọwọ́ pa aṣọ náà. "Àwọn tó ra ìwé yẹn lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ló ní ẹni tí wọ́n ń retí. Ìyá Ládi, o ò béèrè ohun tí èmi ń fi kà á."

Lóòótọ́ kò béèrè rí. Ojú tì í.

"Bùrẹ́ímọ̀ ni orúkọ ọkọ mi," ni Kúlúsúmù wí. "Lágẹdú ló ń là nínú igbó Mowé. Igi wó lù ú, ó pé ọdún méjìlá nísinsìnyí. Òun ló kọ́ mi ní A, B, D. Ní ìrọ̀lẹ́, á fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, bí mo bá gbà á, á fọwọ́ pa mí léjìká. Bí mo bá ṣì í, á tún fọwọ́ pa mí léjìká. Nígbà tó kú, mo ní kí ni mo fẹ́ fi ìwé kíkà ṣe? Ìwé owó orí, ìwé ìpè ìsìnkú, nǹkan tí mò ń rí kà nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ra ìwé rẹ lọ́wọ́ Mùíbì ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀ pé ó kọ́ mi. Nítorí náà, èmi ni mo jẹ ọ́ ní ọpẹ́."

Ìbíwùnmí jókòó tì í. Ó mú obì, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá a bó èèpo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mà, ṣé kí n kọ ọ́?"

"Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ pé ó dé. Ẹni tó kú kì í dé, àwọn tó máa kà á á sì mọ̀ pé irọ́ ni. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kó gùn dáadáa kó tó lọ."

"Ẹ máa sọ fún mi nígbà náà, mà. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Báwo lọwọ́ rẹ̀ ṣe rí?"

Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Ìbíwùnmí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bíi ti ọmọbìnrin. Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi," ni ó wí. "Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń pa mí lára."

Wọ́n wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ìwé yẹn jáde lọ́dún 1958. Kò tà tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Kúlúsúmù ra mẹ́sàn-án lọ́jọ́ tó dé láti ilé ìtẹ̀wé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Ìbàfò dé Mowé, ó ń pín in fún àwọn opó tó mọ̀. Èyí tí kò mọ̀wé kà nínú wọn, ó jókòó tì í, ó sì ka orí àkọ́kọ́ fún un.